Bí Àyè Bá Kún Nínú Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Kan Nínú Èdè C

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ìrántí kọ̀ǹpútà, pàápàá àyè ìkẹ́rùsí tí àwọn tí ń fi èdè C kọ ètò ń pè ní buffer. Dennis Ritchie ni ó ṣe èdè náà ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, a sì ń lò ó títí di òní. A mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ẹni tí ń kọ Yorùbá tàbí Lárúbáwá sínú kọ̀ǹpútà máa ń tètè bá ìṣòro rẹ̀ pàdé ju ẹni tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa, Ṣógúnlé. Lẹ́tà 7 ni ojú wa rí, ṣùgbọ́n báìtì ni èdè C ń kà. Nínú ìlànà UTF-8 tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí, Ṣ gba báìtì 3. Ó, ú àti é gba méjì méjì. G, n àti l gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Òdo kan tún wà tí èdè C ń fi sí ìdí ọ̀rọ̀ kí ó lè mọ ibi tí ó parí sí, ó wá di 13. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà, tí ó fi àyè 8 sílẹ̀, báìtì 5 ni yóò dà sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹyọ ẹ́ kan ṣoṣo gba 5: mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì orí rẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá gba méjì méjì, àmì tí a ń fi sí òkè àti ìsàlẹ̀ wọn náà sì gba méjì méjì, tí بِسْمِ fi jẹ́ báìtì 12.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni dídà yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell, tú ètò kan sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ètò náà fi wọ ilé onílé ni àyè oníbáìtì 512 kan tí gets ń kó ọ̀rọ̀ sí láì wo bí ó ṣe tóbi tó. Wọ́n fojú bù ú pé ó dé orí kọ̀ǹpútà bí 6,000. Ní ọdún 2011 ni wọ́n tó yọ gets kúrò nínú òfin èdè náà, ó sì pẹ́ jù lójú tiwa.

Àwọn kan a ní kí á kàn ṣe àyè ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Orúkọ kúkúrú yóò fi í ṣòfò, ọ̀rọ̀ gígùn yóò sì tún kún un ní ọjọ́ kan. Ohun tí ó dára ni àyè tí ń dàgbà. Ohun mẹ́ta ni kí á máa tọ́jú nípa rẹ̀: ile, èyí ni àdírẹ́sì rẹ̀, eru, iye báìtì tí ó ti wọlé, àti aye, iye tí ó lè gbà. Kí á tó kó ohunkóhun wọlé, kí á wò ó bóyá aye yóò tó. Bí kò bá tó, realloc ni a ó ké sí.

Iṣẹ́ realloc dà bí ti onílé tí ayálégbé rẹ̀ wá bá pé yàrá kan kò gba òun àti ẹbí òun mọ́. Bí yàrá ẹ̀gbẹ́ bá ṣófo, onílé a fi kún un fún un. Bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, onílé a kó o lọ sí òpópónà mìíràn, tẹrù-tẹrù, a sì fún un ní àdírẹ́sì tuntun. Ẹni tí ó bá ṣì di àdírẹ́sì àtijọ́ mú, ilé ẹlòmíràn ni yóò já wọ̀. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé kò sí àyè níbì kankan. NULL ni realloc yóò dá padà nígbà náà, ẹrù yóò sì wà níbi tí ó wà. Báyìí ni kí á ṣe kọ ọ́:

char *tuntun = realloc(b->ile, aye_tuntun);
if (tuntun == NULL) return -1;
b->ile = tuntun;
b->aye = aye_tuntun;

Ọ̀pọ̀ ń fi èsì realloc sínú b->ile tààrà. Bí èsì náà bá jẹ́ NULL, àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí a ní ti sọnù nìyẹn: ẹrù wà nílé, kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Mélòó ni kí á fi kún un? Kí á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí a bá ń fi báìtì kan kan kún un títí yóò fi di 1,000, tí ó sì jẹ́ pé a ń kó kúrò nílé ní gbogbo ìgbà, báìtì 499,500 ni a ó rù káàkiri. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 16, tí a ń ṣe é ní ìlọ́po méjì títí dé 1,024, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni a ó kó, ẹrù rẹ̀ kò sì ju 1,008 lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí á fi free dá ilé padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí á sọ ile di NULL, kí eru àti aye di 0. Kí ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà nítòsí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìsọlọ̀. Lẹ́tà 5 ni. Bí strlen bá sọ pé 12, ó tọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ó sì kà á.