Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Ta Ni Kí A Fún ní Kọ́kọ́rọ́ Sítọ́ọ̀ Oògùn?

Ẹ jọ̀wọ́, kí akọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sókè ní ìpàdé, kí a sì jíròrò lórí ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan akápò, a máa ń bèèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́, a sì máa ń bèèrè bóyá ó mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú sítọ́ọ̀ oògùn kòkó, ẹni tí ilé rẹ̀ bá súnmọ́ ibẹ̀ jù lọ ni a sábà máa ń fún ní kọ́kọ́rọ́. Owó tí ó bá sọnù lọ́wọ́ akápò, a lè dáwó jọ láti dí i. Ẹ̀mí tí ó bá sọnù nítorí oògùn, kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè dá a padà. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni pé ìtọ́jú ẹrù eléwu jẹ́ iṣẹ́ tí à ń kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, àti pé ọmọ wa lè fi jẹun.

1. Kí ni ẹrù eléwu?

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pín ẹrù eléwu sí ọ̀nà 9. Èkíní ni ohun tí ń bú gbàmù, bí ẹ̀tù. Èkejì ni gáàsì, bí èyí tí a fi ń dáná. Ẹ̀kẹta ni ohun olómi tí ń gbiná, bí epo mọ́tò. Ẹ̀kẹrin ni ohun líle tí ń gbiná. Ẹ̀karùn-ún ni ohun tí ń ran iná lọ́wọ́, àwọn ajílẹ̀ kan sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹfà ni májèlé àti ohun tí ń kó àrùn ranni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò wà. Èkeje ni ohun tí ń tan ìtànṣán olóró. Ẹ̀kẹjọ ni ohun tí ń jẹ ara àti irin, bí ásíìdì bátìrì. Ẹ̀kẹsàn-án ni àwọn eléwu yòókù.

Ẹrù kọ̀ọ̀kan tún ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ wo ara tánkà: bí ẹ bá rí 1203, epo mọ́tò ni ó gbé. Panápaná tí ó kọ́ iṣẹ́ yóò ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó sún mọ́ ọn.

2. Ohun tí àìmọ̀ ti ṣe

Láàárín 1987 sí 1988, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá láti Ítálì wá sí Koko, ìlú kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta nísinsìnyí. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ gbà kí wọ́n kó o sí àgbàlá rẹ̀ fún nǹkan bíi dọ́là 100 lóṣù. Kò mọ̀ pé ìdọ̀tí olóró ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, ọ̀rọ̀ náà tú sí gbangba lẹ́yìn tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ítálì ké sílé. Ọdún náà gan-an ni ìjọba ṣe òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére lé ẹni tí ó bá kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ní Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì, ammonium nitrate, tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, tó tọ́ọ̀nù 2,750. Ó wà nínú ilé ìkẹ́rù kan ní èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí ìtọ́jú tí ó yẹ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2020, iná ràn án, ó bú gbàmù, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Ajílẹ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ìkẹ́rù burúkú ni.

Àwa náà kò jìnnà sí i. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tí ó dàgbà nínú wa rántí Gammalin. Kòkòrò ni ó wà fún, ṣùgbọ́n àwọn kan dà á sínú odò láti fi pa ẹja, wọ́n sì gbé ẹja náà lọ sọ́jà. Lindane ni oró inú rẹ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Stockholm fi lindane kún àwọn oró tí a gbọ́dọ̀ pa rẹ́.

3. Ohun tí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ mọ̀

Ó mọ ìwé ara ìgò í kà. Àmì pupa ni ó léwu jù lọ, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn rẹ̀ àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ni ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣe omi mímu. Ó mọ̀ pé oògùn kì í bá gààrí àti irúgbìn gbé yàrá kan náà, àti pé epo mọ́tò kì í sún mọ́ ajílẹ̀. Ó mọ̀ pé a kì í rọ oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọmọdé ò mọ̀wé, ìgò ni ó mọ̀.

Bí ike oògùn bá tán, yóò fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, yóò da omi náà sínú pọ́ǹpù tí a fi ń fín oko, yóò sì dá ike náà lu kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọnmi.

Bí oògùn bá ta sí ènìyàn lára, yóò bọ́ aṣọ rẹ̀, yóò sì fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbé e mì, kò ní mú un bì tipátipá, kò sì ní fún un ní epo pupa. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé epo pupa ń pa oró. Kì í pa á. Ó lè mú kí oró mìíràn tètè wọ ara, ó sì lè gba ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ, kí a sì mú ìgò oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń bá jà.

4. Bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ yìí

Ọmọ tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́kùn-únkúndùn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní Pólì, ó lè kọ́ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì: ọdún 2 fún ìwé ẹ̀rí ND, ọdún 1 lẹ́nu iṣẹ́, ọdún 2 sí i fún HND. Lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ààbò ní Nàìjíríà, ISPON, wà láti 1980. Àjọ NEBOSH ti ilẹ̀ Bìrìtìkó sì ti ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí láti 1979.

Ẹni tí ń bójú tó ẹrù eléwu nínú ọkọ̀ òfuurufú a máa tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ ní oṣù 24 sí 24. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan wà, ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ gbogboogbò níbi ìdọ̀tí olóró gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40, kí ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 3 lábẹ́ ojú ọ̀gá, kí ó sì tún gba wákàtí 8 lọ́dọọdún. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ náà kì í tán. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Ibi iṣẹ́ pọ̀ fún un: ilé epo, ilé ìwòsàn, ilé iṣẹ́ oògùn oko, pápákọ̀ òfuurufú, àti àjọ ìjọba bíi NESREA tí a dá sílẹ̀ ní 2007.

5. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ìlànà karùn-ún nínú ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó hàn nínú ìṣirò owó wa. Mo ti ṣí ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò tí a kọ owó àsè ọdún sí, tí kò sí kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Ẹ yan ènìyàn kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí ó mọ̀wé, tí kì í sì í kánjú. Ẹ rán an lọ sí ẹ̀kọ́ kúkúrú lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ ra ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti bàtà rọ́bà fún un kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kọ́ ọ dé òpin, ẹ yá òbí rẹ̀ lówó, kí ẹ sì fi àdéhùn sínú ìwé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wa báyìí, ta ni ó sì kọ́ ọ níṣẹ́?
(b) Kí ni ó bá oògùn gbé yàrá kan náà?
(d) Èló ni a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín fún àyẹ̀wò, ojú ewé náà ni n óò kọ́kọ́ béèrè.