Nígbà tí Ọwọ́ Gééjì Bá Ń Jó: Ohun tí Mo Kọ́ Lára Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n Físíìsì gidi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní táàmù tó kọjá, bàbá mi ń gbé mi bọ̀ nílé ìwé. Bí a ṣe ń gòkè Mọ́kọ́lá nínú gó-síló, ọwọ́ gééjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ pupa. Kí bàbá mi tó rí ibi páàkì sí, ó ti já wálẹ̀. Ó tún gòkè, ó tún já wálẹ̀. Bó ṣe ń jó nìyẹn títí a fi dé.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó WAEC mi tí bàbá mi ti ń tù jọ. Ọkọ̀ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń ṣe kabúkabú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí àwọn àti màmá mi ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú yàrá. Mi ò lè sùn.

Kí wọ́n tó tú u, bọ̀dá kan ládùúgbò wa tó ń ṣe rewáyà ní ká jẹ́ kí àwọn wò ó. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè, torí èmi ni mò ń yẹ omi wò láràárọ̀: "Ibo lo máa ń wò?" Mo ní ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ ni, kì í sì í dín rárá. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Mi ò rí omi kankan lẹ́nu rẹ̀! Ìgò omi onílítà kan àbọ̀ méjì ló gbà kó tó kún.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?

Bí omi bá gbóná, ó máa ń fẹ̀. Nínú ìkòkò lásán, omi ń hó ní 100°C. Ṣùgbọ́n sípíríìngì inú ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó hó títí dé nǹkan bíi 120°C. Omi tó bá fẹ̀ jù á ti ìdérí sókè, á gba hóòsì kékeré bọ́ sínú ike. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, omi á sún kì, ẹnu kékeré kan láàárín ìdérí á ṣí, á sì fa omi padà látinú ike.

Rọ́bà ìdérí tiwa ti já. Omi ń jáde lọ sínú ike, kò rí ọ̀nà padà. Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé dípò rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń rán ọ̀rọ̀ sí gééjì sì gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Tí afẹ́fẹ́ bá bò ó, ọwọ́ gééjì lè já wálẹ̀. Tí omi gbígbóná bá tún kàn án, á fò sókè. Ẹ kíyè sí i: gééjì lè wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ.

Bí ẹ ṣe lè mọ ibi tó ti ń ṣe é

1. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ gbígbóná láé! Ooru rẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ wo inú rédíétọ̀ àti ike, méjèèjì.

2. Tó bá ń gòkè nínú gó-síló, tó ń wálẹ̀ tí ọkọ̀ bá sáré, ẹ wo fáànù àti fíúsì rẹ̀.

3. Tí omi bá pé, tí ọwọ́ gééjì sì ń fò lójijì, ẹ wo wáyà sẹ́ńsọ̀ bóyá ó ti tú tàbí ó ti dípẹtà.

4. Tí kì í bá gòkè rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì. Àwọn kan ní ìlú wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì fẹ́ nǹkan bíi 90°C. Tó bá tutù jù, epo ló ń jẹ.

5. Àmì tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí omi rédíétọ̀ máa yọ ìfófòó láìdáwọ́ dúró, kí ọ́ìlì dà bí ògì, tàbí kí èéfín funfun máa jáde ṣáá.

A ò rí ìkankan nínú àmì ìkarùn-ún yẹn. A ra ìdérí tuntun tí nọ́ńbà orí rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, a ṣí rédíétọ̀, a tanná sí ọkọ̀, a sì ń rọ omi tí wọ́n ti po kúláǹtì mọ́ sí i, torí omi lásán ń mú inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Ìfófòó yọ díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ ti jáde tán nìyẹn. A dé e.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ gééjì dúró sójú kan. Mo sì ti san owó WAEC.

Tẹ́lẹ̀, bàbá mi máa ń bi mí láràárọ̀ pé, "Ṣé o ti wo omi?" Ní báyìí, wọ́n ń bi mí pé, "Èwo lo wò?"

Mo máa ń dáhùn pé, "Méjèèjì, sà."