Ẹ Má Gbàgbé Olùkọ́ Ìgbà Kòrónà

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni kò rí owó oṣù gbà. Síbẹ̀, àwọn kan ń fi owó àpò wọn ra dátà, wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ sínú fóònù, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lẹ́yìn ohùn wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ìdánwò WAEC ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ṣé ẹ ti pè wọ́n? (Emójì kọ́ ni mo wí o.) Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọlọ́dẹ tó ṣọ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tó ṣófo nígbà náà ńkọ́? Ẹ yà kí wọn, kẹ́ ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo.