Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí: Etí Ọmọ Tuntun

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọmọ tuntun kò mọ nǹkan kan ju ọmú àti oorun lọ. Èrò yìí kò tọ̀nà. Nígbà tí oyún bá ti tó nǹkan bí oṣù 6, ọmọ inú ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Nígbà tí a bá sì bí i, ó mọ ohùn náà yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Nítorí náà, ìyá tí ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì bí ó ti ń wẹ̀ ẹ́ kò ṣe iṣẹ́ asán.

Ojú ní tirẹ̀ kò tètè ríran jìnnà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí ó wà ní ìwọ̀n íǹṣì 8 sí 12 ni ojú ọmọ mú jù lọ, èyí tí í ṣe bí àlàfo tí ó wà láàárín ọmú àti ojú ìyá. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, yóò máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ń bá a ṣeré; ní nǹkan bí oṣù 4, ọrùn rẹ̀ yóò ti dúró; láàárín oṣù 4 sí 6, yóò máa yí orí sí ibi tí ohùn ti wá.

Ẹ kíyèsí èyí: ọmọ tí kò gbọ́ràn náà a máa sunkún, a máa rẹ́rìn-ín, a sì máa dún lẹ́nu bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn òbí mìíràn kì í fura títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2 láìsọ̀rọ̀, tí wọn yóò sì máa wí pé, “Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó fọhùn.” Nígbà náà, àkókò tí ó dára jù lọ láti kọ́ èdè ti ń kọjá lọ. Àtẹ́wọ́ pípa kò tó láti fi dán etí wò, nítorí ọmọ lè rí ọwọ́ náà. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀rọ kékeré wà tí a fi ń yẹ etí ọmọ wò, bí ó tilẹ̀ ń sùn. Ó dára kí a ṣe èyí kí ọmọ tó pé oṣù 1, kí ìrànlọ́wọ́ sì dé kí ó tó pé oṣù 6.

Ọ̀kan nínú ohun tí ń ba etí jẹ́ ni ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Bí funfun ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, pàápàá ní ọjọ́ kìíní, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn òwúrọ̀ tàbí omi glúkóòsì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí oró inú ẹ̀jẹ̀ má baà dé ọpọlọ àti iṣan etí. Bákan náà, ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí àárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò lè gbà á. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí ojú wọn pọ́n.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni kì í jẹ́ kí òbí tètè mọ̀ pé ọmọ kò gbọ́ràn?
2. Ta ni ń tọ́jú aṣọ ọmọ nínú ilé yín? Ǹjẹ́ ó ti gbọ́ nípa káńfọ̀?