Bí wọ́n bá ní bàálù mìíràn wà nítòsí

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ bàálù. Bí àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ bá kìlọ̀ pé bàálù mìíràn wà nítòsí, kí ló yẹ kó sọ? Ìyá kan, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá wa. Ojú aago ni wọ́n fi ń júwe ibi tí ọkọ̀ kejì wà: aago méjì jẹ́ iwájú lápá ọ̀tún. Bí awakọ̀ bá rí i, á ní “Traffic in sight”; bí kò bá rí i, “Negative contact”. “Mo gbọ́” nìkan kò tó, nítorí ẹni tó wà nílẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá ó ti rí i. Ṣùgbọ́n bí TCAS, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń dènà kí bàálù méjì kọlu ara wọn, bá pàṣẹ pé kó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rọ náà ni kó gbọ́ràn sí lẹ́nu, kó sì sọ fún ẹni ilẹ̀ kíá.

Ewu bàálù tó sún mọ́ra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1996, bàálù ilé-iṣẹ́ ADC tó ń ti Port Harcourt bọ̀ l'Ékòó fẹ́ yẹra fún òmíràn. Awakọ̀ yí i pọ̀ jù, apá rẹ̀ kò sì ká a mọ́. Ẹjìrìn, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ló já sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake, onímọ̀ ìṣèlú, wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó yè é.