Àjàní, Má Fojú Díwọ̀n Orúkọ Ọmọ Ọlọ́mọ

Àjàní ọkọ mi, jókòó. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí o fetí sí mi. Mo ti wo ètò ìforúkọsílẹ̀ tí o ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó rẹwà, ó yára, àwọ̀ rẹ̀ sì tu ojú lára. O káre, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí bọ́tìnì tó yẹ kó sọ pé “Fi ránṣẹ́” fi ń sọ pé “Fi ránṣ”? Kí ló sì dé tí Ìyáàfin Olúwafúnmiláyọ̀ fi di “Olúwafúnmi…” lórí káàdì rẹ̀? Olúwa fún un ní kí ni? Ayọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ gan-an lo gé dànù!

Má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ gidi là ń sọ.

Mo ṣí kóòdù rẹ wò. Mo bá setFixedWidth(80) lórí bọ́tìnì, àṣẹ tó de fífẹ̀ rẹ̀ mọ́ pixel 80. Mo tún rí i pé lórí káàdì, o ka iye lẹ́tà, o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́jọ, o ní bí orúkọ ṣe fẹ̀ tó nìyẹn. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? O ní, “Àǹtí, nínú ti Gẹ̀ẹ́sì ó dára.” Mo mọ̀ pé ó dára nínú ti Gẹ̀ẹ́sì! “Send” lo fi dán an wò, ó gba inú bọ́tìnì, o bá pa kọ̀ǹpútà dé. Àwọn tí o ṣe é fún ńkọ́? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń jẹ́ ni?

Ó yá, jẹ́ ká jọ ka orúkọ ìyáàfin yìí. Bí èmi àtìwọ bá fojú kà á, lẹ́tà 14 ni. Bí Python bá kà á pẹ̀lú len, ó lè ní 15 ni, nítorí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode tó dúró fún “ọ̀”: “ọ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù tó ń ya gbogbo àmì sọ́tọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, Python á ní 19 ni. Bí o bá sì fi èyí tó jẹ́ 15 yẹn pamọ́ sínú fáìlì UTF-8, báìtì 21 ló máa gbà. Orúkọ kan, iye mẹ́rin! Kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè sọ fún ọ iye pixel tí orúkọ náà máa gbà lójú kọ̀ǹpútà. “l” tẹ́ẹ́rẹ́, “m” fẹ̀, àmì ohùn kì í sì í gba àyè kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí lẹ́tà ló ń gùn. Kí wá ni o ń fi mẹ́jọ ṣe?

Nínú Qt, irinṣẹ́ tí o fi ń kọ ojú ètò yìí, QFontMetrics ni a fi ń wọn ọ̀rọ̀. Fún un ní fọ́ǹtì, kó o ní kó wọn ọ̀rọ̀ náà fún ọ. horizontalAdvance á sọ ibi tí ohun tó bá kàn lórí ìlà yóò ti bẹ̀rẹ̀. boundingRect á sọ ibi tí lẹ́tà fúnra rẹ̀ fara kàn. Má ṣe rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n o. Bí lẹ́tà bá jẹ́ èyí tó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí rẹ̀ lè yọ kọjá ibi tí horizontalAdvance parí sí, bí o kò bá sì fi àyè sílẹ̀ fún un, wọ́n á gé etí náà. Bí o bá rí ìwé àtijọ́ tó ní kí o lo width(), má dá a lóhùn. Qt 6 ti yọ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ tí o bá kọjá sí Java, stringWidth ni wàá bá níbẹ̀. Nínú canvas ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, measureText ni.

Odidi ọ̀rọ̀ ni kí o sì máa wọn, má wọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí o wá ro wọ́n pọ̀. Wo “Yorùbá” fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì, wọ́n máa ń fa “o” wọ abẹ́ apá “Y” díẹ̀ kí àlàfo má bàa wà láàárín wọn. Ẹni tó bá wọn “Y” lọ́tọ̀, tó wọn “o” lọ́tọ̀, ìṣirò rẹ̀ á ju bó ṣe rí lọ.

Ti gíga ló tiẹ̀ dùn mí jù. Mo rí “Ẹ̀bùn” kan lójú ètò rẹ tó ti di “Ebùn”: àmì orí “Ẹ̀” ti lọ, ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ti lọ. O fún ìlà ní pixel 14 torí pé 14 ni o pe fọ́ǹtì. Àjàní, ṣé wọ́n máa ń wọn obìnrin tó ń lọ òde dé iwájú orí nìkan ni, kí wọ́n gbàgbé gèlè? Láti ibi tí lẹ́tà dúró lé lọ sókè ni ascent, láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀ ni descent, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni height(). Bí ìlà bá ju ẹyọ kan lọ, lineSpacing() ni kí o lò. Lẹ́tà ńlá tó gbé àmì lórí tún lè ga ju ascent lọ nínú fọ́ǹtì mìíràn, torí náà fi boundingRect wọn “Ẹ̀” fúnra rẹ̀ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Fọ́ǹtì tí o bá fi wọn ọ̀rọ̀ ni kí o fi kọ ọ́. Bí fọ́ǹtì yẹn kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé ẹgbẹ́, tàbí tí kò ní àmì ohùn wa, kọ̀ǹpútà á yá ti fọ́ǹtì mìíràn lò, gbogbo ìwọ̀n rẹ á sì yí padà. Àwọn àgbà tí ojú ń dùn pàápàá ti fẹ ohun gbogbo sí 125 tàbí 150 nínú ọgọ́rùn-ún lórí Windows wọn. Torí náà, orí ẹ̀rọ wọn, lásìkò tí wọ́n ń lò ó, ni kí ètò náà ti wọn ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá yí fọ́ǹtì tàbí ìtóbi rẹ̀ padà, kó tún un wọn.

Bó bá wá di dandan kí o gé orúkọ kúrú, má fi [:14] gé e. Bí o bá gé 15 yẹn sí 14, “…láyọ” lásán ló máa kù ní ìparí rẹ̀, àmì ohùn orí “ọ” á ti já bọ́. elidedText wà nínú QFontMetrics. Ó mọ ibi tí lẹ́tà kan parí sí. Kí o sì jẹ́ kí orúkọ kíkún yọ jáde bí wọ́n bá gbé atọ́ka lé e.

Ti bọ́tìnì ló rọrùn jù, nítorí pé o kò tiẹ̀ ní láti wọn ọ́n rárá. Gbé e sínú QHBoxLayout, yọ setFixedWidth kúrò. Bọ́tìnì mọ àyè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́, sizeHint rẹ̀ á sọ ọ́. Àwòrán káàdì tí ìwọ fúnra rẹ fi QPainter yà ló nílò ìwọ̀n.

Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ń pariwo? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá àti ìyá ronú, wọ́n pe ẹbí jọ, wọ́n sọ ọmọ wọn ní orúkọ tó gùn tó sì níyì. Ètò tí ìwọ ọmọ Yorùbá ṣe kò yẹ kó jẹ́ ibi tí wọ́n á ti gé e. Àwọn tó ṣe ètò wọn níbòmíràn lè má mọ̀ wá. Ìwọ mọ̀ wá.

Torí náà, gba orúkọ mẹ́wàá tó gùn jù nínú ìwé ẹgbẹ́ náà, kí o rí i pé àwọn tó ní Ẹ̀ àti Ọ̀ wà níbẹ̀. Dán gbogbo wọn wò pẹ̀lú fọ́ǹtì kékeré àti ńlá, lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tìrẹ. Ọwọ́ rẹ dá, orí rẹ pé, ìkánjú nìkan ló ń bá ọ jà. Bí o bá ṣe é tán, gbé e wá fún mi kí n wò ó, kí o tó gbé e fún wọn.