Ìkòkò Bàbà, Ògógóró àti Ojú Wa: Ohun Tí Fífọ̀ Lè Mú Kúrò àti Èyí Tí Kò Lè Mú Kúrò



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọba ara. Nítorí ojú ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Mowé, Ìbafò tàbí Ifọ̀ mọ̀ pé ògógóró kò jìnnà sí wa. Ní ìdíkọ̀, òun ni àwọn onípáragà fi ń rẹ gbòǹgbò àti èèpo igi. Níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, a ń gbé e síwájú àwọn àgbà. Láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba òyìnbó kà á sí ọtí tí kò bófin mu, ni àwọn ènìyàn ti ń fi agolo epo àti páìpù bàbà sè é ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti máa se ọtí. A kọ ọ́ kí ìdílé lè mọ ibi tí ewu wà.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÌKÒKÒ

Ẹmu tàbí ògùrọ̀ tí ó ti kan ni a ń dà sínú ìkòkò, tí a ó dé e pa, tí a ó sì dáná sí i. Ẹ́tánọ́ọ̀lì, èyí tí ó ń pa ènìyàn bí ọtí, a máa hó ní ìwọ̀n ooru 78 Sẹ́ńtígíréèdì. Omi a máa hó ní 100. Nítorí náà, ooru ọtí ni ó ń pọ̀ jù nínú ohun tí ó kọ́kọ́ gòkè. Ó ń gba inú páìpù kọjá láàárín omi tútù, ó sì ń di olómi padà, ó ń kán sínú ìgò.

Bàbà dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó tètè ń gba ooru, ó sì ń mú òórùn búburú kan kúrò lára ọtí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ ní ìdọ̀tí, ohun kan tí ó ní àwọ̀ ewé yóò bò ó. Ohun náà a máa yọ́ sínú ohun kíkan, ó sì lè fa èébì àti inú rírun.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

1. Ẹ jẹ́ kí iná kú pátápátá, kí ìkòkò sì tutù, kí ẹ tó ṣí i. Ooru ọtí a máa gbiná.

2. Ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ nù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànrìnkàn rírọ̀ fọ ìkòkò.

3. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á títí yóò fi ṣí. Ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó dé e.

4. Ẹ tú páìpù, kí ẹ da omi gbígbóná gba inú rẹ̀ títí omi náà yóò fi mọ́. Bí páìpù bá dí, ooru kò ní ríbi jáde, ìkòkò sì lè bú gbàmù.

5. Lẹ́yìn fífọ̀, omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ sè nínú rẹ̀. Ẹ da gbogbo ohun tí ó bá kán nù.

6. Ẹ yẹ ojú ibi tí a ti jó páìpù wò. Bí ó bá jẹ́ òjé ni a fi jó o, ẹ má lò ó mọ́. Òjé a máa wọ inú ọtí, ó sì ń ba kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́. Nítorí èyí, ẹ má ṣe lo rédíétọ̀ mọ́tò láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni dírọ́ọ̀mù tàbí kẹ́ẹ̀gì tí ó ti gbé kẹ́míkà tàbí oògùn apakòkòrò rí: kò sí fífọ̀ tí ó lè sọ ọ́ di ohun èlò ọtí.

OHUN TÍ FÍFỌ̀ KÒ LÈ MÚ KÚRÒ

Májèlé kan wà tí kì í ṣe ara ìkòkò ni ó ń gbé. Orúkọ rẹ̀ ni mẹ́tánọ́ọ̀lì. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa wà nínú ọtí tí a fi ohun ọ̀gbìn ṣe. Ṣùgbọ́n ewu ńlá ni ti àwọn tí ń bu ọtí ilé-iṣẹ́, irú èyí tí a ń lò fún ọ̀dà, lé ògógóró kí ó lè pọ̀. Ó mọ́ bí omi, òórùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ tó láti fi dá a mọ̀. Nǹkan bí mílílítà 10 péré, ìyẹn ṣíbí tíì méjì, lè fọ́ ojú. Mílílítà 30 lè pa ènìyàn.

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti da èyí tí ó kọ́kọ́ kán nù, májèlé ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lì a máa bá ìyókù kán títí. Àwọn mìíràn a máa ṣáná sí ọtí láti wo àwọ̀ iná. Ìdánwò náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan rò pé òrìṣà ni ó ń bínú. Kí a tó mọ̀ pé mẹ́tánọ́ọ̀lì inú ògógóró ni, ó kéré tán ènìyàn 18 ti kú. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers láìpẹ́ sí i, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní oṣù Kẹfà ọdún náà pé òun fòfin de ṣíṣe àti títa ògógóró.

BÍ ẸNÌKAN BÁ MU Ú

Májèlé yìí kì í yára farahàn. Wákàtí 12 sí 24 lè kọjá kí orí fífọ́, èébì, inú rírun, mímí gúlegúle àti ojú ṣíṣú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ọtí ni kò tíì dá lójú rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí omi àgbọn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ kí ó sùn ún dànù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ará Ifọ̀ lè lọ sí ti Ifọ̀, ará Mowé àti Ìbafò lè lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Oníbàǹjẹ́ ní Ṣàgámù. Ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà pé ògógóró ni ó mu, kí ẹ sì gbé ìgò náà dání. Oògùn tí ó ń dènà májèlé náà wà, a sì lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Bí ẹ bá tètè dé, ó ṣeé ṣe kí a gba ẹ̀mí àti ojú rẹ̀ là.

Ẹ̀yin ìyá onípáragà, bí ẹ kò bá mọ ibi tí ọtí ti wá, ẹ má tà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún, ẹ rántí pé ìgò tí ó mọ́ kò ní kí ohun inú rẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÍLÉ

1. Kí ni fífọ̀ lè mú kúrò nínú ìkòkò bàbà, kí sì ni kò lè mú kúrò?
2. Èéṣe tí a kò fi gbọ́dọ̀ lo rédíétọ̀ mọ́tò?
3. Bí ojú bàbá bá ṣú lọ́jọ́ kejì tí ó mu ògógóró, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe?

Ìlera loògùn ọrọ̀.